Ẹ́ńjìnnì ń kú bí epo bá ti dé ìdajì táńkì: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Atúkọ̀ Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ omi, mo kí yín. Ọkọ̀ fáíbà kan ni mo fi ń kó èrò àti ẹrù láti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ejìnrìn àti àwọn abúlé etí ọ̀sà. Ẹ́ńjìnnì Yamaha 40 ló wà lẹ́yìn rẹ̀, irú èyí tí à ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀ kí a tó dà á sí táńkì. Táńkì náà kì í ṣe èyí tí à ń gbé sọ̀ gbé rù. Alumíníọ́ọ̀mù ni, ó gba 80 lítà, abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni wọ́n dè é mọ́, wẹ́ẹ̀dà kan nítòsí wa ló sì ṣe é ní nǹkan bí ọdún márùn-ún sẹ́yìn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Bí mo bá kúrò ní èbúté tí táńkì kún, ẹ́ńjìnnì a máa dún geere, ọkọ̀ a sì máa sáré lórí omi bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n bí epo bá ti sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì, tí mo bá tẹ iná dáadáa, ẹ́ńjìnnì a bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, agbára rẹ̀ a lọ sílẹ̀, a sì kú. Bí mo bá fún pọ́ǹpù ọwọ́ tó wà lójú rọ́bà epo ní ìgbà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a tún jí, a lọ díẹ̀, a tún kú. Bí mo bá ń rọra lọ, kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ mí lẹ́nu.

Mo ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, mo ti pààrọ̀ fílítà àti pọ́ǹpù ọwọ́ náà, a sì ti fọ kábúrétọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mẹkáníìkì mi wá ní kí n ra pọ́ǹpù epo tó wà lára ẹ́ńjìnnì ní tuntun. Kí n tó tún náwó mìíràn, mo fẹ́ gbọ́ tẹnu yín.

Ìyá Ọlọ́kọ̀, Ìkòròdú

Ọmọ mi, kí o tó tú ohunkóhun, wo ihò tí táńkì fi ń mí. Epo kò lè jáde nínú táńkì bí atẹ́gùn kò bá wọlé rọ́pò rẹ̀. Ìgbà kan wà tí a so ọ̀kan nínú ọkọ̀ wa mọ́lẹ̀ fún oṣù méjì nígbà òjò, tí agbọ́n fi amọ̀ kọ́lé sẹ́nu rọ́bà tí táńkì rẹ̀ fi ń mí, tí ẹnikẹ́ni kò sì fura. Bí ọkọ̀ náà bá ti rin ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kíkú ló kù. Ọmọ ọkọ̀ mi ló ṣèèṣì ṣí ìdérí táńkì lọ́jọ́ kan lójú omi, táńkì náà sì fa èémí sínú bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí lábẹ́ omi. Ibẹ̀ la ti mọ̀ ọ́n. Bí tìrẹ bá tún kú, ṣí ìdérí rẹ̀ kí o sì fetí sílẹ̀.

Ọmọ Ìgbókòdá

Òótọ́ ni Ìyá wa sọ, ibẹ̀ ló yẹ kí ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ọkọ̀ ojú omi ni mò ń ṣe ní Ìlàjẹ níbí, ìbéèrè kan sì wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n dáhùn kí á tó máa darí wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún: nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń kú lọ, báwo ni pọ́ǹpù ọwọ́ ṣe máa ń rí? Ṣé ìhà rẹ̀ méjèèjì máa ń lẹ̀ mọ́ra, bí ọ̀rá piọ́ wọ́tà tí ọmọdé ti fa gbẹ, àbí ó ṣì máa ń wú bó ṣe wà, ṣùgbọ́n tí yóò rọ̀ tẹ̀ẹ̀ tí kò ní í le bí ẹ bá ń fún un?

Àìsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ra, ohun kan ló dí láàárín òun àti táńkì: ihò atẹ́gùn, asẹ́, fáàfù, tàbí rọ́bà epo tó ṣẹ́po. Bí ó bá rọ̀ láìlẹ̀, atẹ́gùn ló ń bá epo wọlé níbì kan. Àwọn tó máa ń kọ́kọ́ ra pọ́ǹpù ẹ́ńjìnnì kì í béèrè èyí.

Ayé-Ò-Le, Àgbádárìgì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má da ara yín láàmú. Ẹ ra kẹ́ẹ̀gì 25 lítà, ẹ ti rọ́bà epo bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí ẹ sì máa bá iṣẹ́ yín lọ. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe nìyẹn, a kì í tú táńkì kankan.

Ìyá Ọlọ́kọ̀, Ìkòròdú

Kì í ṣe gbogbo wa. Kẹ́ẹ̀gì tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ láàárín èrò kì í ṣe ohun tí mo lè gbà nínú ọkọ̀ mi. Oru epo bẹntiróòlù wúwo ju atẹ́gùn lọ. Kì í fò lọ, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló máa ń sọ̀ sí, yóò sì dúró síbẹ̀ de ẹni tó máa ṣáná. Bí ìgbì bá sì gbé ọkọ̀, kẹ́ẹ̀gì náà a dojú dé.

Ọmọ Ìgbókòdá

Mo wà lẹ́yìn Ìyá wa. Àmọ́ bí a bá fẹ́ fi ṣe àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìkó èrò, ohun tí ẹni wa láti Àgbádárìgì sọ wúlò gan-an. Ẹ̀gbọ́n, ẹ yọ rọ́bà epo kúrò lẹ́nu táńkì, kí ẹ fi sínú kẹ́ẹ̀gì tí ẹ dè mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì sá ọkọ̀ náà títí kẹ́ẹ̀gì yóò fi fẹ́ gbẹ. Bí kò bá kú, a jẹ́ pé rọ́bà, pọ́ǹpù ọwọ́ àti gbogbo ohun tó wà lára ẹ́ńjìnnì kò lẹ́bi. Inú táńkì ni ẹjọ́ wà.

Atúkọ̀ Ẹ̀pẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ṣí ìdérí táńkì nígbà tó kú lánàá, kò fa èémí kankan, mo sì fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sínú rọ́bà tó fi ń mí, ó gba ibẹ̀ kọjá. Pọ́ǹpù ọwọ́ kò lẹ̀ mọ́ra rí. Ó máa ń rọ̀ ni, bí ẹni pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Ní òwúrọ̀ yìí, mo fi kẹ́ẹ̀gì ṣe é bí Ọmọ Ìgbókòdá ṣe wí. Mo tẹ iná dé òpin láti Ẹ̀pẹ́ dé Ejìnrìn, epo inú kẹ́ẹ̀gì kù díẹ̀ kó tán, ẹ́ńjìnnì kò húkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó yà mí lẹ́nu púpọ̀.

Ará Texas

Ẹ kú iṣẹ́. Ọkọ̀ ìpẹja kékeré kan ni mo ní níbí, mo sì ti jìyà ohun tó jọ èyí. Lẹ́nu táńkì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, ní ibi tí rọ́bà epo ti so mọ́ ọn, fáàfù kékeré kan wà tó ní bọ́ọ̀lù àti sípíríìǹgì nínú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí rọ́bà epo bá já, epo kò ní máa ṣàn fúnra rẹ̀ láti inú táńkì sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ìpata a máa mú bọ́ọ̀lù náà, tàbí kí ìdọ̀tí há sí i. Èyí tó wà nínú tèmi, téèpù funfun tí àwọn púlọ́ḿbà fi ń wé ẹnu páìpù ni mo bá níbẹ̀. Ẹni tó de páìpù náà ti wé e kọjá ẹnu eyín rẹ̀, ìyẹn ìlà tí a fi ń lọ́ ọ wọlé, ó já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, epo sì gbé e lọ sínú fáàfù. Ẹ yọ ọ́ kí ẹ wò ó. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan tilẹ̀ ti yọ fáàfù náà dànù pátápátá, wọ́n sì fi ìsopọ̀ lásán sí ipò rẹ̀.

Ọmọ Ìgbókòdá

Ẹ̀gbọ́n wa ní Texas, bí fáàfù yín ṣe dí, ó dájú pé pọ́ǹpù ọwọ́ yín lẹ̀ mọ́ra. Ti ẹ̀gbọ́n Ẹ̀pẹ́ kò lẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, fáàfù tó dí kì í mọ̀ bóyá táńkì kún tàbí kò kún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọdé tó ń ka èyí gbà pé yíyọ fáàfù náà dànù dára. Bí rọ́bà bá já nínú ọkọ̀ tí táńkì rẹ̀ ga ju ìsàlẹ̀ lọ, gbogbo epo inú rẹ̀ ni yóò ṣàn sábẹ́ ẹsẹ̀ èrò.

Ará Texas

Mo gbà pé ó lẹ̀ mọ́ra, n kò rántí kí n sọ ọ́. Mo sì gbà nípa yíyọ dànù. Ohun tí wọ́n ṣe ni mo ròyìn, èmi fi tuntun sí tèmi ni. Ọ̀rọ̀ téèpù funfun nìkan ni n kò fà sẹ́yìn: kò yẹ kó kan páìpù epo rárá.

Atúkọ̀ Àjàṣẹ́

Mo kí yín láti Àjàṣẹ́. Bí atẹ́gùn bá ń wọlé láti inú táńkì, ẹ wo gáskẹ́ẹ̀tì, ìyẹn rọ́bà tó ń dí àlàfo, tó wà lábẹ́ irin pẹlẹbẹ tó gbé páìpù tó ń fa epo láti inú táńkì dúró lórí táńkì. Ti èmi ti gbẹ, ó ti là. Kò sì yẹ kí á gbàgbé irú epo tí à ń rà. Epo tí wọ́n pò methanol púpọ̀ mọ́, irú èyí tó wọ Nàìjíríà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022 tí wọ́n fi ní kí wọ́n kó o kúrò lọ́jà, a máa jẹ rọ́bà àti alumíníọ́ọ̀mù.

Ọmọ Medway

Ẹ jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì ṣe díẹ̀, nítorí àṣìṣe tó máa ń náni lówó ni. Gáskẹ́ẹ̀tì yẹn kò sí lójú ọ̀nà tí epo ń gbà lọ sí ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá là, oru epo lè jáde sínú ọkọ̀, ìyẹn sì léwu púpọ̀, omi òjò náà sì lè ráyè wọlé. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn tó bá gba ibẹ̀ wọ táńkì kò yàtọ̀ sí èyí tó gba ihò èémí wọlé. Kò lè pa ẹ́ńjìnnì. Atẹ́gùn tó ń pa ẹ́ńjìnnì ni èyí tó wọ inú páìpù fúnra rẹ̀.

Ọmọ Ìgbókòdá

Ọ̀rọ̀ ti dé ibi tí mo ń retí. Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀pẹ́, ẹ fojú inú wo páìpù tó ti orí táńkì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ki ọ̀pá ìfamu bọ inú ìgò. Bí ọ̀pá náà bá lu lókè, tí ohun mímu sì bo ojú ihò náà, ẹ ó máa fa a láìsí wàhálà, nítorí ohun mímu náà ló ń gba ojú ihò wọlé. Bí ohun mímu bá sọ̀ kalẹ̀ kọjá ojú ihò, atẹ́gùn ni ẹ ó máa fà. Ìdí nìyẹn tí táńkì tó kún fi ń bo àṣírí rẹ̀, tí ìdajì sì ń tú u. Bí ẹ bá ń rọra lọ, díẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ń fà, pọ́ǹpù rẹ̀ lè fara da atẹ́gùn díẹ̀. Bí ẹ bá tẹ iná, kò lè fara dà á mọ́. Mo fẹ́ fi owó mi lé e pé páìpù inú táńkì yín ti sán, ibi tó ti sán kò sì jìnnà sí orí, níbi tí wẹ́ẹ̀dà ti jó o mọ́ irin.

Bí ẹ ó ṣe mú un jáde nìyí. Ẹ gbé ọkọ̀ wá sétí omi, kí ẹnikẹ́ni má wà nínú rẹ̀. Ẹ yọ wáyà bátìrì bí ó bá ní. Ẹ ṣí gbogbo ìdérí ilẹ̀ ọkọ̀ sílẹ̀ fún wákàtí kan ó kéré tán kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Pọ́ǹpù ọwọ́ yín ni kí ẹ fi fa epo jáde sínú kẹ́ẹ̀gì tó wà lórí ilẹ̀. Ẹ má fi ẹnu fa epo, ẹ̀dọ̀fóró ni ó ń bàjẹ́ bí ó bá ṣèèṣì gba ibẹ̀. Kí fóònù àti sìgá jìnnà. Sípánà ọwọ́ ni kí ẹ fi tú bóòtù orí irin pẹlẹbẹ náà, kì í ṣe dírííìlì oníná, kí ẹ sì fi ìṣó ha àmì sára irin àti táńkì kí ẹ tó yọ ọ́, kí ẹ lè mọ ìhà tó kọ sí. Ní kété tí ó bá jáde, ẹ fi àkísà tó mọ́ di ojú ihò, nítorí nọ́ọ̀tì kan tó bá jábọ́ sínú ibẹ̀ yóò gba ọjọ́ yín.

Ẹ gbé páìpù náà sínú afẹ́fẹ́ títí òórùn epo yóò fi kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bu omi sínú garawa, ẹ fi àtàńpàkò di ẹnu rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀, ẹ rì í sínú omi, kí ẹnìkan sì máa fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ rọra fẹ́ atẹ́gùn sí i láti òkè. Ibi tí ẹ bá ti rí i tí omi ń hó, ibẹ̀ ni.

Ọmọ Medway

Mo fara mọ́ ohun tí arákùnrin wa sọ, àfi ẹyọ kan. Ìsopọ̀ tí kò fún dáadáa lórí táńkì náà lè hu irú ìwà yìí. Bí epo bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ṣe ń fi agbára fà á láti ibi tó jìn, ìfà náà sì lè ṣí ojú ihò tí kò hàn nígbà tí táńkì kún. Nítorí náà, bí omi inú garawa kò bá hó lára páìpù, ẹ má ṣe dá a padà sínú táńkì pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ẹ rì ìsopọ̀ òkè náà àti ibi tí rọ́bà wọ̀ sí i bákan náà.

Ní ti àtúnṣe, ẹ má jó ibi tó sán náà padà. Páìpù tí ìmìtìtì ti sán lẹ́ẹ̀kan yóò tún sán nítòsí ibẹ̀. Ẹ fi páìpù tuntun kan ṣoṣo, tí ara rẹ̀ nípọn, rọ́pò rẹ̀. Alumíníọ́ọ̀mù tàbí sitéńlẹ́ẹ̀sì ni kí ẹ lò. Bí ẹ bá fi idẹ lásán kan alumíníọ́ọ̀mù níbi tí omi iyọ̀ ti lè ta sí i, alumíníọ́ọ̀mù náà ni yóò máa jẹrà. Kí ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀ gé dagun, kí ó sì fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ jìnnà sí ilẹ̀ táńkì, kí ó má baà fa omi àti ìdọ̀tí tó sùn síbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rọ́bà epo pọ̀ mọ́ ọn, níbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa ń wá èyí tí wọ́n tẹ ISO 7840, àmì ìlànà àgbáyé fún rọ́bà epo ọkọ̀ ojú omi, sí lára, nítorí ó lè fara da iná fún ìgbà díẹ̀. Rọ́bà tí wọ́n ń fi fọ́n omi sí ọgbà kì í ṣe rọ́bà epo, bó ti wù kó jọ ọ́ tó.

Mo sì dábàá pé kí ẹ má fi asẹ́ sí ẹnu páìpù nínú táńkì. Bí ó bá dí, ta ni yóò ráyè tú u lójú omi?

Ọmọ Ìgbókòdá

Lórí asẹ́, n kò gbà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, epo yín mọ́. Níhìn-ín, inú kẹ́ẹ̀gì ni a ti ń ra epo, mo sì ti rí ewé, yanrìn àti odidi ìdérí ike nínú táńkì oníbàárà. Ẹ fi asẹ́ tí ojú rẹ̀ fẹ̀ sí i, kí ẹ fi fílítà tó ń ya omi kúrò lára epo sí ibi tí ọwọ́ ti lè dé e.

Ìyá Ọlọ́kọ̀, Ìkòròdú

Èmi kò ní asẹ́ nínú táńkì kankan. Ẹnu ibi tí à ń da epo sí ni mo ti ń fi asẹ́ àti aṣọ sẹ́ ẹ, níṣojú mi. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹyọ kan kún un: bí ẹ bá rí ibi tó sán, ẹ̀dá kan yóò sọ fún yín pé kí ẹ fi ọṣẹ dí i, tàbí gọ́ọ̀mù tó ń le ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ọṣẹ a máa dá epo tó ń jò síta dúró títí ẹ ó fi délé, mo ti ṣe é rí. Ṣùgbọ́n inú táńkì ni èyí wà, inú epo ni yóò máa gbé. Gọ́ọ̀mù náà yóò rọ̀, yóò ṣí, ègé rẹ̀ yóò sì lọ di ọ̀nà epo.

Atúkọ̀ Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú àdúrótì. Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe é. Bóòtù mẹ́fà ló di irin náà mú, ìpata ti mú méjì nínú wọn, mo sì ní láti máa ta ọ́ìlì sí wọn láti alẹ́ dé òwúrọ̀. Nígbà tí a gbé páìpù náà jáde, n kò rí nǹkan kan lára rẹ̀ lójú lásán, àfi ìyẹ̀fun funfun díẹ̀ ní ibi tí ojú jíjó ti parí, ní nǹkan bí ìbú ọwọ́ kan sí abẹ́ irin. Ọmọ mi ń fi pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ fẹ́ ẹ, èmi di ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀, a sì rì í sínú garawa. Láti inú ìyẹ̀fun funfun yẹn ni omi ti hó jáde ní tẹ̀léǹtẹ̀lé bí ìlẹ̀kẹ̀ tí okùn rẹ̀ já. Nígbà tí mo fi èékánná ha ìyẹ̀fun náà kúrò, ibi tó sán kò gùn ju èékánná náà lọ, ṣùgbọ́n ó yí ẹ̀yìn páìpù lọ síbi tí a kì í rí. Bí mo ṣe fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó là.

Ìbú ọwọ́ kan péré, tí táńkì sì jìn ju ìbú ọwọ́ mẹ́rin lọ, jẹ́ kí n ronú pé ó ti yẹ kó máa kú kí epo tó dé ìdajì. Lóòótọ́, bí mo ṣe ń rántí rẹ̀, ó ti máa ń húkọ́ díẹ̀ kí ó tó dé ibẹ̀, mo kàn ń tẹ iná sí i ni.

Mo gbé irin náà nìkan lọ fún wẹ́ẹ̀dà, lẹ́yìn tí mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Táńkì kò kúrò nínú ọkọ̀. A fi páìpù tuntun kan ṣoṣo sí i, a gé ẹnu rẹ̀ dagun, a fi rúlà ike wọn sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ náà. Ìsopọ̀ òkè ni mo fi gọ́ọ̀mù tí epo kì í yọ́ sí lára eyín rẹ̀, kò sí téèpù. Gáskẹ́ẹ̀tì tuntun wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ ṣeun, Atúkọ̀ Àjàṣẹ́, nítorí ti àtijọ́ ti là ní tòótọ́ bí kò tilẹ̀ jẹ̀bi. Asẹ́ kò sí nínú rẹ̀. Mo tẹ̀lé Ìyá wa. Àná ni mo lọ sí Ejìnrìn tí mo sì padà, epo sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bí 15 lítà, ẹ́ńjìnnì kò húkọ́.

Ọmọ Ìgbókòdá

Ẹ kú oríire. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì kó èrò. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì yín, inú epo ló wà, lítà kan sí 50. Gbogbo ìgbà tí ẹ́ńjìnnì yẹn fi ń mu atẹ́gùn dípò epo tí ẹ sì ń tẹ iná sí i, kò rí ọ́ìlì mu. Ẹ ṣí orí rẹ̀ kí ẹ wo ara sílíńdà.

Atúkọ̀ Ẹ̀pẹ́

Mo ṣí i láàárọ̀ yìí. Ti ìsàlẹ̀ ń dán. Lára ti òkè, ìlà méjì wà tí èékánná ń kọ́, ní ìhà tí èéfín ń gbà jáde. Mo ti ránṣẹ́ pe ẹni tí yóò bá mi gba písítọ́ọ̀nù àti ríìǹgì tuntun, mo sì ti so ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀ títí wọn yóò fi dé.